Ìlú Tí Òkun Dìde Sí: Ìtàn Àgbàyanu Ayétòrò

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ràngún ti Ìlá, ẹ̀yin ọmọ Ajàgùnńlà Fágbàmílà, ẹ̀yin tí òkun jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì tọ́ omi iyọ̀ wò rí, ẹ súnmọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun ìyanu tó ṣẹlẹ̀, tó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ títí di òní olónìí. Àwọn ènìyàn kan dìde nílẹ̀ Yorùbá yìí, wọ́n kọ́ ìlú sórí ẹrẹ̀. Wọ́n mú owó kúrò láàárín ara wọn. Wọ́n rán bàtà, wọ́n hun aṣọ, wọ́n kan ọkọ̀ tó ń la agbami kọjá, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú aládé ṣì ń fi àtùpà elépo ríran lálẹ́. Òkun ń wò wọ́n. Ó wò wọ́n fún bí àádọ́ta ọdún, kò wí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló dìde.

Orúkọ ìlú náà ni Ayétòrò. Ilẹ̀ Ìlàjẹ ló wà, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí omi ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní Ìlá, tó gba Iléṣà àti Àkúrẹ́ lọ sí Òkìtìpupa, tó sì dé Igbókọ̀dá, yóò bá èbúté níbẹ̀, yóò bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, yóò máa gba àárín igbó omi lọ títí etí rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo kan tí kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru. Ariwo ìgbì nìyẹn. Àwọn ará Ayétòrò ń sùn nínú rẹ̀, wọ́n ń jí nínú rẹ̀, àwọn ọmọ wọn ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ara wọn.

Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó jẹ́ onígbàgbọ́ láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Wọ́n ta ko bíbọ òrìṣà. Wọ́n ta ko pípa ìbejì tí àwọn kan ṣì ń ṣe ní àgbègbè náà nígbà náà. Inúnibíni dé sí wọn láti ọwọ́ àwọn ará ilé wọn fúnra wọn, wọ́n sì gbéra, tọkọtaya, tọmọdé tàgbà, wọ́n ní àwọn yóò wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í yọ àwọn lẹ́nu. Ibo ni wọ́n rí? Bèbè òkun tí kò sí ẹni tó ń du ilẹ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ láti du. Etí òkun Ìlàjẹ kò rí bíi ti Èkó tí yanrìn funfun tẹ́ sí. Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀, tó ń fa ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀, tó sì ga ju ojú omi lọ ní ìwọ̀nba díẹ̀ péré. Lórí ẹrẹ̀ yìí ni wọ́n ri òpó igi sí. Wọ́n to pákó lórí òpó, pákó náà di òpópónà, òpópónà di ìlú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí pé inú ibí yìí ni agbára ìtàn yìí wà. Ẹ mọ àáró. Ẹ mọ ọ̀wẹ̀. Àwọn bàbá yín fi ọ̀wẹ̀ kọ́lé fún àna wọn, wọ́n fi àáró ro oko ara wọn láyìípo. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ayétòrò kọjá ìyẹn. Apẹja lọ sí agbami, ó pa ẹja, kò gbé ẹja náà lọ sílé rẹ̀. Ó gbé e lé ọwọ́ ìlú. Aránṣọ rán aṣọ, ìlú ló rán an fún. Ìlú ló ń bọ́ wọn, ìlú ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ, ìlú ló ń fún wọn ní ibùgbé. Ọkùnrin ń gbé apá kan ìlú, obìnrin ń gbé apá kejì. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo èrè ń wọ̀, inú àpò náà ni wọ́n sì ti ń yọ owó kọ́ ilé iṣẹ́: ti bàtà, ti búrẹ́dì, ti aṣọ híhun, ti ọṣẹ, ti ọkọ̀ kíkàn. Ní 1953, iná mànàmáná tàn lórí ẹrẹ̀ náà. Ẹ fojú inú wò ó. Ọkọ̀ ojú omi kan ń bọ̀ láti ojú òkun lóru, òkùnkùn biribiri ni bèbè láti ọ̀tún dé òsì, àfi ibì kan ṣoṣo tó ń tàn.

Ọ̀mọ̀wé Stanley Barrett, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, lọ gbé láàárín wọn, ó sì kọ ìwé lé wọn lórí tó jáde ní 1977. Ó fi orúkọ ìlú náà bò nínú ìwé, ó pè é ní Olowo. Àwọn ará ìlú gbà pé Ọlọ́run ló sọ àwọn di ọlọ́lá. Barrett kò bá wọn jiyàn lórí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó mú ọrọ̀ náà yára kánkán bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́, wọ́n sì pa èrè pọ̀. Ní nǹkan bí 1968 ni àpò àjùmọ̀ní náà bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òwò tirẹ̀, tí ìlú náà kò sì dán mọ́ bí ó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìjọ wà, ọba wọn wà, ìrántí sì wà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìrántí yẹn pamọ́ sọ́kàn, nítorí mo ń bọ̀ wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Báyìí ni òkun ṣe dìde. Kò dìde ní ọjọ́ kan bí ìjì. Ó kọ́kọ́ gba bèbè tí àwọn ọmọdé ń ṣeré sí. Ó gba ìlà ilé tó wà níwájú. Àwọn tí ilé wọn wó kó ẹrù wọn, wọ́n lọ kọ́ òmíràn sẹ́yìn ilé aládùúgbò. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé aládùúgbò di ti iwájú, omi gbé ìyẹn náà. Láti nǹkan bí ọdún 2000 síwájú ni ó ti le gan-an. Ilé lọ, ilé ẹ̀kọ́ lọ, ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi àpò àjùmọ̀ní kọ́ lọ. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lónìí, orí àwọn ilé àtijọ́ ló ń gbà kọjá.

Kí ló bí òkun nínú tó bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ojú òkun gbogbo ayé ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i, nítorí èéfín epo àti èédú tí ayé ń jó. Lójú ẹni tó ń gbé ní Ìlá, kí ni sẹ̀ǹtímítà 20? Kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ṣùgbọ́n lórí ẹrẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti Ìlàjẹ, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lókè di ọ̀nà jíjìn nínú ilẹ̀. Ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rì. Ní Awóyè tí kò jìnnà síbẹ̀, odò tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀ láti wọ inú igbó omi dídùn, igbó sì kú. Igbó tó kú kò lè di ẹrẹ̀ mú mọ́.

Níbòmíràn, ọwọ́ ènìyàn hàn kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó, àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun láàárín 1908 àti 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Yanrìn tí omi ń gbé lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn bá ògiri náà pàdé, ó dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bèbè tó wà ní òdì kejì. Ní Gánà, wọ́n parí ìdídò Akosombo ní 1965. Yanrìn odò Volta há sẹ́yìn rẹ̀, bèbè Gánà, Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin sì ń sanwó rẹ̀ títí dòní.

Ṣé ìjọba kò gbọ́ ìpè Ayétòrò? Ó gbọ́. Àjọ NDDC, tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ odi etí òkun jáde, ó sì tún un gbé jáde lẹ́ẹ̀kejì. Odi kò dúró. Àwọn ará ìlú rìn lọ sí Àkúrẹ́ láti fẹ̀hónú hàn, àwọn oníròyìn láti ilẹ̀ òkèèrè wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Inú mi bàjẹ́ sí èyí, mi ò sì ní fi pamọ́: ìlú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan iná ní 1953 kò yẹ kó máa dúró de ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ odi nìkan kọ́ ni mo gbé ìtàn yìí wá torí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Keta ní ilẹ̀ Gánà, láàárín àwọn Ewe, kí ẹ rí ìlú tí wọ́n mọ odi fún. Keta wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Àwọn ará Denmark kọ́ ilé olódi Prinzenstein síbẹ̀ ní 1784. Ní 1980, òkun wó apá kan rẹ̀ lulẹ̀. Láti 1999 sí 2004, ìjọba Gánà ṣe iṣẹ́ ńlá. Wọ́n to àpáta wọ inú òkun kí yanrìn lè dúró, wọ́n fa yanrìn láti inú ọ̀sà, wọ́n fi da ilẹ̀ tuntun, wọ́n la ọ̀nà kọjá lọ sí Kedzi, wọ́n sì kọ́ ilé fún àwọn tí omi ti lé jáde. Èyí ni mo pè ní ètò: ààbò, ilẹ̀, ọ̀nà àti ilé wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Keta ṣì wà. Síbẹ̀, ní November 2021, òkun tún ru, ó sì ya wọ àwọn abúlé tí odi náà kò dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì sùn síta.

Ẹ bá mi kálọ sí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìlú àtijọ́ tí àwọn Faransé fi ṣe olú ìlú. Ní October 2003, odò Senegal kún, ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ pé yóò bo ìlú. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà omi kékeré kan la ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín odò àti òkun kọjá, mítà 4 péré ni fífẹ̀ rẹ̀, kí omi lè rí ibi jáde. Omi jáde. Ìlú yọ nínú ewu ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n òkun rí ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, mítà 4 di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, ó sì di ọ̀pọ̀ kìlómítà. Abúlé Doun Baba Dièye tó wà níbẹ̀ parẹ́ sínú omi. Ohun tí wọ́n ṣe ní ìkánjú, láìwo ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀, ló jẹ abúlé odindi.

Nígbà tí òkun tún lé àwọn apẹja kúrò ní bèbè Saint-Louis, wọ́n kó àwọn kan lọ sí ibì kan tó ń jẹ́ Khar Yalla ní 2016. Fún ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n ní. Ilé kéré, èrò pọ̀, kò sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ilé ìwòsàn, òjò bá rọ̀ omi a tún wọlé bá wọn. Ìgbà díẹ̀ náà kò dópin. Àwọn mìíràn lọ sí Djougop, níbi tí ètò ti dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ilé gidi sì wà. Ṣùgbọ́n Djougop jìnnà sí òkun. Apẹja tó máa ń jí ní ìdájí tó sì ń fẹsẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní láti wá owó mọ́tò kó tó lè lọ pa ẹja. Obìnrin tó ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé kò rí ẹja yan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó yàwòrán ilé náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n ka orí, wọ́n pín yàrá. Kò sí ẹni tó bèèrè báwo ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá, ó tó àkókò kí n bèèrè nǹkan lọ́wọ́ yín, nítorí ẹ̀yin mọ ohun tí mo ń sọ ju àwọn tó ń ya àwòrán ilé lọ. Ibi tí ẹ wà yìí kọ́ ni àwọn baba ńlá yín kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ ọ́, ẹ sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín: Ìlá Yàrà ni wọ́n ti wá. Wọ́n fi ògiri sílẹ̀, wọ́n fi yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká sílẹ̀, wọ́n fi ojú oórì àwọn ọba sílẹ̀. Kí ni wọ́n gbé dání? Wọ́n gbé adé. Wọ́n gbé oyè. Wọ́n mọ ìdílé tó wà lápá ọ̀tún ààfin àti èyí tó wà lápá òsì, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ ní ibi tuntun. John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan kọ ìwé ńlá lórí Ìlá tó jáde ní 1996, wọ́n sì fi hàn nínú rẹ̀ bí oyè àti ọdún ọba ṣe so àwọn ìdílé ìlú yìí pọ̀. Ìlú tó ti ṣí nípò rí, tó sì wà títí dòní, ni wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Síbẹ̀ ẹ mọ apá kejì ìtàn náà. Ohùn àwọn ọmọ ọba kò ṣọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n ń kúrò ní Ìlá Yàrà. Àwọn tó tẹ̀lé Arútú Olúòkun wá sí ibi tí ẹ wà yìí, àwọn tó kù lọ sí Òkè-Ìlà, Ọ̀ràngún wà níhìn-ín, Ọ̀ràngún sì wà lọ́hùn-ún títí dòní. Ilẹ̀ kò wọ́n wọn lọ́jọ́ náà, igbó pọ̀ lọ rẹrẹ. Àdéhùn ni kò tó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí fún ìlú tó ní ilẹ̀ gbígbẹ lápá gbogbo, kí ni kí á retí fún ìlú tí omi ń lé bọ̀ lẹ́yìn tí oníkálukú sì ń sá?

Ohun tí mo wá sọ nìyí o. Ètò àtúnkọ́ ìlú tí omi bá bà jẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ará ìlú náà ti ń bá ara wọn gbé, kó tó kan símẹ́ńtì, ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé ṣì dúró. Wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Japan. Omi òkun ńlá ya lu abúlé Yoshihama ní 1896, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tó ṣẹ́kù péjọ, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní í kọ́lé sí ìsàlẹ̀ mọ́ láé, wọ́n gun òkè, wọ́n sì sọ ìsàlẹ̀ di oko ìrẹsì. Omi tún dé ní 1933, àwọn tó kù nísàlẹ̀ tún gòkè. Àwọn tó dá àdéhùn náà kú, àwọn ọmọ wọn kú, àwọn ọmọ ọmọ wọn kò yẹ̀ ẹ́. Ní March 11, 2011, omi tó ga ju ilé lọ dìde sí etí òkun yẹn, ó gbá àwọn ìlú tó yí wọn ká lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ní Yoshihama, oko ìrẹsì ni omi gbé. Ilé díẹ̀ péré ló kàn. Ta ló tún fẹ́ ìyanu tó ju ìyẹn lọ?

Ayétòrò ní ohun tí Yoshihama ní, ó tilẹ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tó lè pa ẹja, aṣọ àti owó pọ̀ sínú àpò kan fún ogún ọdún mọ bí a ti ń dá àdéhùn tó le. Àwọn àgbà tó rí ìgbà náà ṣì kù níbẹ̀, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Kí àwọn tó ń ṣètò lọ jókòó tì wọ́n. Kí wọ́n kọ ìdílé tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdílé sílẹ̀, kí ilé tuntun lè tò bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tuntun wà ní ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ sí, kí ààrò ẹja ti wà níbẹ̀ fún àwọn obìnrin kí ìdílé àkọ́kọ́ tó dé, kí ilé ìjọsìn wà láàárín nítorí òun ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí àpò àjùmọ̀ní kan tún wà, èyí tí àwọn ará ìlú ń ṣọ́ fúnra wọn, tí ẹnikẹ́ni kò lè nawọ́ sí láti òkèèrè. Bí odi bá dé, ká dúpẹ́. Yóò ra àkókò fún wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lo àkókò náà.

Mo sọ̀rọ̀ àkókò, mo sì mọ̀dí rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Isle de Jean Charles, ilé àwọn ọmọ onílẹ̀ Choctaw. Omi ti gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ láti 1955. Ní January 2016, ìjọba Amẹ́ríkà ya mílíọ̀nù dọ́là 48 sọ́tọ̀ láti kó wọn lọ sí orí ilẹ̀ gíga. August 2022 ni ìdílé àkọ́kọ́ tó wọ ilé tuntun. Nígbà tí yóò fi di òpin 2023, àwọn olórí ẹ̀yà náà ti gbé ẹjọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní wọ́n gba ètò náà kúrò lọ́wọ́ àwọn, àti pé ohun tí àwọn là sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́.

Ọdún mẹ́fà àti oṣù méje ni ó gbà kí ìdílé àkọ́kọ́ tó wọlé, ní ilẹ̀ tí owó ti wà nílẹ̀, tí ọ̀nà ti dán. Kò sí ìdí tí ti Ayétòrò yóò fi yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lucky Aiyedatiwa tó di gómìnà Oǹdó ní December 2023, ọmọ Obe-Ńlá ní Ìlàjẹ ni, kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé ìgbì fún un. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, kí àwọn awọnlẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ tuntun náà, kí àwọn àgbà Ayétòrò sì dúró tì wọ́n, kí wọ́n máa sọ ibi tí òpó àkọ́kọ́ yóò wà.